Ìsúnmọ́, Ìsọ̀kalẹ̀ àti Ìbàlẹ̀ Nínú Ẹ̀kọ́ Awakọ̀ Òfurufú

Bí kùrukùru bá bo ilẹ̀, ohun èlò inú ọkọ̀ ni awakọ̀ òfurufú fi ń tọ ọ̀nà dé pápá. Ọ̀nà náà pín sí abala-abala, abala kọ̀ọ̀kan sì ní ìga tí ọkọ̀ kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ jù. Nítorí náà, 'ìbàlẹ̀' nìkan kò tó olùtumọ̀ í lò. 'Ìsúnmọ́' ni títọ ọ̀nà yìí. 'Ìsọ̀kalẹ̀' ni dídín ìga kù. 'Ìbàlẹ̀' ni kí táyà kan ilẹ̀.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 1974, ọkọ̀ TWA 514 ń lọ sí pápá Dulles, ní Virginia, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Adarí ọkọ̀ òfurufú fún un ní àṣẹ ìsúnmọ́. Àwọn awakọ̀ gbà pé àwọn lè sọ̀kalẹ̀ tààrà sí ẹsẹ̀ bàtà 1,800, èyí tí í ṣe ìga abala tí wọn kò tíì dé. Ọkọ̀ náà forí sọ òkè Mount Weather. Gbogbo èèyàn 92 inú rẹ̀ ni ó kú. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni tọ̀tún-tòsì ń sọ o!

Nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́, 'àṣẹ ìsúnmọ́' nìkan kò tó. 'Àṣẹ ìsúnmọ́, pẹ̀lú ìga abala' ni ó yẹ kí olùtumọ̀ kọ, bí ó tilẹ̀ gùn.