Òru Ò Mọ Ẹni Ọ̀wọ̀

Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò níí gbà fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ òwe yìí dunjú, bíríkìlà ni, nítorí òun ni wọ́n ń sáré pè nígbà tí omi bá ti gbé ìpìlẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe ń lo fóònù. Aago méjìlá òru ti kọjá, fóònù tí sìmẹ́ńtì ti gbẹ mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń gbọ̀n lórí àpótí. Ìyàwó kọjú sí ògiri, ó pòṣé. Bàbá nawọ́ nínú òkùnkùn, ó gbé e. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúùrọ̀lẹ́ sà." Ẹ̀gbọ́n wà ní Houston, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá funfun ni táìlì ilé ìwẹ̀ yóò jẹ́ tàbí aláwọ̀ eérú. Ilé tí à ń wí yìí kò tíì dé líńtẹ̀lì.

Ẹ̀yin bíríkìlà, káfíńtà, púlọ́ńbà, oníwáyà àti wẹ́ídà tó wà ní Ìpókíà àti agbègbè rẹ̀ ni mò ń bá wí, títí kan àwọn tó ń bá oníṣòwò gba ẹrù sílẹ̀ lẹ́nubodè Ìdí-Ìrókò. Àwọn àgbà ní òkùnkùn ò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ó dífá fún "ìwọ ta nìyẹn?" Ẹni tí ẹ ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, ní Alàgbà, ní Dádì lọ́sàn-án, ohùn tí ẹ ó fi dá a lóhùn lóru kò lè rí bákan náà. Bí oorun ò bá mú yín jágbe mọ́ ọn, á mú yín gbà fún un, èyí ló sì léwu jù. "Ṣé ẹ lè bá mi yọ owó ilé rírẹ́ yẹn kúrò nínú ìṣirò?" "Kò burú, sà." Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, oníbàárà ti kọ ọ́ sórí WhatsApp pé báyìí lẹ jọ sọ ọ́. Ẹni tó fi ojú oorun dúnàádúrà, ta ni yóò pè ní ẹlẹ́rìí?

Kí n tó bu ẹ̀bi lé oníbàárà, ẹ jẹ́ ká wo aago ná. Nígbà tí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ bá lù ní Houston, tí ẹni náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé tó bọ́ bàtà, aago méjìlá òru ló lù ní Ìpókíà. Bí ìgbà òtútù wọn bá dé, tí wọ́n ti dá aago wọn padà sẹ́yìn ní oṣù kọkànlá, aago kan òru ni. London ò le tó bẹ́ẹ̀: aago wọn àti tiwa máa ń dọ́gba nígbà ooru wọn, wákàtí kan péré la sì fi ń ṣáájú wọn nígbà òtútù. Ní ti àwọn oníbàárà wa ní Àjàṣẹ́ àti Kùtọ̀nú, wọn ò ní àwáwí kankan, aago kan náà la jọ ń wò. Ẹni tó bá pè yín láti Àjàṣẹ́ ní aago kan òru mọ ohun tó ń ṣe.

Aago nìkan kọ́ ló sì ń mú ará òkè òkun pè. Púpọ̀ nínú wọn ló ti fowó ilé ránṣẹ́ rí, sí àbúrò tàbí sí ọ̀rẹ́, tó jẹ́ pé àwòrán ilé onílé ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wọn. Ìgbà tí wọ́n délé, igbó ni wọ́n bá. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Irú oníbàárà bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù ló ń bá a tẹ nọ́ńbà yín, kì í ṣe ìgbéraga. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni mo máa fi gba yín nímọ̀ràn níwájú.

Àwa tí à ń gbé ìpè náà ńkọ́? Ẹ̀rù ń ba àwa náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba ti ẹnubodè pa. Nígbà tó di oṣù kejìlá ọdún 2020 wọ́n ṣí mẹ́rin, Sẹ̀mẹ̀ wà nínú wọn, ṣùgbọ́n Ìdí-Ìrókò kò sí níbẹ̀. Oṣù kẹrin ọdún 2022 ni àṣẹ tó jáde pé kí wọ́n ṣí tiwa. Láàárín ìgbà náà, ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù tún pàṣẹ pé kí wọ́n má gbé epo dé ilé epo kankan tí kò bá jìn tó 20 kìlómítà sí ẹnubodè. Wẹ́ídà tó ń fi jẹnẹrétọ̀ jó irin mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ẹni tó ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù fún oníṣòwò, bí ọjà oníṣòwò ò bá wọlé, kí ni yóò fi ra búlọ́ọ̀kù? Ẹni tó bá ti la irú ìgbà bẹ́ẹ̀ já, bí fóònù bá dún, ohun tó ń rò ni pé bí òun ò bá gbé e, ẹlòmíràn á gbé e.

Mi ò lè dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́bi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa. Ta ló ń pè yín lóru? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbé iṣẹ́ fún yín kì í pè ní aago kan òru, ọ̀sán ló ń wá, á sì múra wá. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ yín, tó ti san àsansílẹ̀, ló ń jí yín. Kò lè gba iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ yín nítorí pé ẹ sùn. Ẹ̀rù àtijọ́ ló ń jẹ́ kí ẹ máa gbé e.

Bí ẹ bá sì ń retí kí òfin gbà yín, ẹ ó pẹ́ níbẹ̀. Abala 13 Òfin Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa sọ pé òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ ìsinmi kan, tí kò dín ní wákàtí 24, láàárín ọjọ́ méje. Láti oṣù kìíní ọdún 2017, ilé iṣẹ́ tó bá ní tó òṣìṣẹ́ 50 ní ilẹ̀ Faransé gbọ́dọ̀ bá wọn jíròrò lórí ẹ̀tọ́ láti má dáhùn ìpè lẹ́yìn iṣẹ́. Ọsirélíà náà fi irú ẹ̀tọ́ yìí múlẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2024. Gbogbo ìwọ̀nyí, ẹni tó ní ọ̀gá tó ń sanwó oṣù fún un ni wọ́n wà fún. Kọ́ngílá ni ọ̀gá ara rẹ̀, òun náà ni ìjọba ara rẹ̀.

Àwọn kan á ní ta la jẹ́ tí a ó fi máa yan aago fún ẹni tó lówó lọ́wọ́. Mo ní kí wọ́n wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìpókíà níbí. Ìséde ojúmọmọ nígbà ọdún Orò dá awuyewuye sílẹ̀, àwọn mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ ìlú sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Ní ọdún 2018, ilé ẹjọ́ gíga ti ìpínlẹ̀ Ògùn tó jókòó ní Ìpókíà dájọ́ pé ìséde ojúmọmọ kò bófin mu, pé láti aago méjìlá òru sí aago mẹ́rin ìdájí ni kí wọ́n máa ṣe é. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn ẹ̀sìn, ìdájọ́ ti wáyé, kò sì yẹ kí n máa tún un dá. Aago inú rẹ̀ ni mò ń wò. Orò tí tọmọdé tàgbà ń bẹ̀rù, wọ́n yan wákàtí fún un. Oníbàárà wo ló wá lágbára ju Orò lọ tí a ò lè sọ fún un pé aago méje àárọ̀ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni tirẹ̀? Bí ẹ bá sì bi mí, wákàtí mẹ́rin tí ilé ẹjọ́ dárúkọ yẹn, kò yẹ kí a gbọ́ ohùn fóònù kankan nínú rẹ̀.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ sọ ọ́ ni kí àsansílẹ̀ tó kan yín lọ́wọ́. Lẹ́yìn tí owó bá ti wọlé, ẹnu á wúwo. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kan náà tí ẹ kọ iye owó sí, ní ìsàlẹ̀ iye sìmẹ́ńtì àti irin, kó hàn pé ara iṣẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, nítorí náà ẹ má ṣe sọ ọ́ bí ẹni tó ń lé èèyàn. Ẹ lè sọ pé: "Ẹ̀gbọ́n, mo dúpẹ́ pé ẹ gbé iṣẹ́ yìí fún mi. Aago méje àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń gbé fóònù iṣẹ́, Mọ́ńdè sí Sátidé. Bí ẹ bá rántí nǹkan lóru, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp, ẹ̀yin ni màá kọ́kọ́ dá lóhùn láàárọ̀. Bí pàjáwìrì bá sì ṣẹlẹ̀ nílé yín, èmi gan-an ni màá jí yín." Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló ń fi oníbàárà lọ́kàn balẹ̀ jù. Ó ti mọ̀ pé bí fóònù òun ò bá dún, ilé òun wà níbi tó wà.

Ẹ sì dárúkọ pàjáwìrì náà, nítorí ti púlọ́ńbà yàtọ̀ sí ti káfíńtà. Páìpù tó bẹ́ tí omi ń ya wọ yàrá, wáyà tó ń ṣẹ́ná, olè tó ń wọ́ irin lọ tí ọlọ́dẹ sì ń pariwo: ìwọ̀nyí ò lè dúró de àárọ̀. Àwọ̀ ọ̀dà lè dúró. Fún ẹni tó ń ṣe àtúnṣe, owó iṣẹ́ òru gbọ́dọ̀ ju ti ọ̀sán lọ, kó sì wà lórí ìwé. Èèyàn máa ń mọ̀ fúnra rẹ̀ bóyá omi tó ń kán tó-tó-tó lè dúró di àárọ̀ nígbà tó bá rí i pé owó ọ̀sán àti ààbọ̀ rẹ̀ lòun máa san.

Nípa ẹ̀rù oníbàárà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ìròyìn ni oògùn rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Fúráìdè, kí aago mẹ́fà tó lù, ẹ ya àwòrán ilé náà láti ojú ibi kan náà, kí ilé aládùúgbò hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí oníbàárà lè rí i pé ilé òun ni, kó sì rí ibi tí ti ọ̀sẹ̀ yìí fi ga ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ. Ẹ sọ iye àpò sìmẹ́ńtì tó wọlé àti iye tó kù. Ẹ tún bá a dá ìgbà tí ẹ ó máa rí ojú ara yín lórí fóònù. Aago mẹ́ta ọ̀sán Sátidé ní Ìpókíà, aago mẹ́sàn-án tàbí mẹ́jọ àárọ̀ ló jẹ́ ní Houston: ó ti jí, iṣẹ́ ò pè é. Mo gbà pé ẹni tó bá ń rí irú ìròyìn yìí gbà déédéé, ìpè òru rẹ̀ á dín kù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá a jà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nubodè mọ ìwúlò síìmù méjì. Ẹ fi ọ̀kan ṣe ti iṣẹ́, kí ẹ pa á nígbà tí iṣẹ́ bá parí. WhatsApp àwọn oníṣòwò tún wà, tó lè máa dá èèyàn lóhùn fúnra rẹ̀ lẹ́yìn aago tí ẹ bá yàn.

Bí oníbàárà bá sì tún pè lóru ńkọ́? Ẹ má gbé e. Àìtètè mólè, olè ń mólóko: ẹni tó gbé ìpè ọ̀gànjọ́ lẹ́ẹ̀kan péré láti sọ pé "ẹ má pè mí lọ́gànjọ́ mọ́" ti kọ́ oníbàárà pé òun máa ń gbé e. Ìgbà tí aago méje bá lù, ẹ pè é, ẹ kí i, ẹ dá a lóhùn dáadáa, ẹ má dárúkọ òru. Bó bá jẹ́ àna yín ni, tàbí ẹni tó jọ bàbá yín lọ́jọ́ orí, ẹ má fẹnu ara yín sọ ọ́ rárá. Ẹ rán àgbàlagbà kan sí i.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí inú àwa oníṣẹ́ ọwọ́ kì í dùn sí, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ẹni tó ní òun ó dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Agbaṣẹ́ṣe tó ń pa fóònù lọ́sàn-án, tó jẹ́ pé "ẹ wá lọ́la" ni orin ẹnu rẹ̀, kò lẹ́nu láti sọ pé kí wọ́n má pe òun lóru. Ìgbà wo ni kí wọ́n rí i? Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń pe oníbàárà ní aago mẹ́wàá alẹ́ pé kó fi owó tó kù ránṣẹ́. Òun ló kọ́kọ́ ba àdéhùn jẹ́.

Ẹgbẹ́ ló sì lè parí gbogbo rẹ̀. Ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ wa ti ń yan ọjọ́ ìpàdé tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́, wọ́n ń bu owó ìtanràn lé ẹni tó bá tàpá sí i, wọ́n sì ń jọ fẹnu kò lórí iye owó iṣẹ́. Kí ló dé tí wọn ò lè fẹnu kò lórí aago? Bí gbogbo bíríkìlà Ìpókíà bá ń gbé fóònù iṣẹ́ sílẹ̀ ní aago mẹ́fà, ìbẹ̀rù pé ẹlòmíràn á gbé ìpè náà kò ní ìdí mọ́. Ẹ gbé e ka iwájú ẹgbẹ́ ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ Ìpókíà tí ẹ wà lókè òkun, tí ẹ ń kọ́lé sílé, mo bẹ̀ yín: kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà bíríkìlà yín lálẹ́ òní, ẹ ka wákàtí tí a fi ṣáájú yín kún aago ara ògiri yín.