Aládàáṣe àti Iléeṣẹ́ Nínú Ìdíje Áàpù Ṣíṣe

Nígbà tí àwa wà ní ilé-ẹ̀kọ́, ìdíje tí a mọ̀ ni ti eré ìje, ti àkọ́sórí Bíbélì àti ti àríyànjiyàn láàárín ilé-ẹ̀kọ́ kan àti èkejì. Ẹgbẹ́ ni í bá ẹgbẹ́ díje. Ìdíje tí ń pe àwọn ọmọ wa lónìí yàtọ̀. Nínú ìdíje áàpù, ìyẹn àwọn ètò tí a ń fi sórí fóònù láti fi ṣe iṣẹ́ kan tàbí òmíràn, ọmọ tó jókòó ti kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo nínú ilé lè bá ara rẹ̀ níwájú iléeṣẹ́ tó ní ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́. Ǹjẹ́ ó yẹ kí òbí jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wọ irú ìdíje bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan mú lọ́wọ́. Iléeṣẹ́ ní owó, ó ní ẹ̀rọ, ó ní ẹni tí ń ya àwòrán, ẹni tí ń kọ ètò, ẹni tí ń dán an wò, àti agbẹjọ́rò tí ń ka òfin ìdíje. Ní ti aládàáṣe, òun nìkan ni gbogbo wọn. Bí iná bá sì lọ, iṣẹ́ dúró. Síbẹ̀, owó oṣù ń bẹ lọ́rùn iléeṣẹ́, kì í sì í fẹ́ fi oṣù mẹ́ta lépa èrò tí kò dájú. Aládàáṣe lè lépa rẹ̀. Ó sì lè mọ ìnira kan láti inú ilé rẹ̀ ju bí ìgbìmọ̀ iléeṣẹ́ ti lè mọ̀ ọ́n lọ.

Báwo ni a ṣe lè wọn àwọn méjèèjì láìṣe ojúsàájú? Ìlú Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà, dáhùn ìbéèrè yìí ní ọdún 2008. Ìjọba ìlú náà ṣí àkójọ ìsọfúnni rẹ̀ sílẹ̀, ó sì pe ìdíje kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Apps for Democracy. Ẹ̀bùn iléeṣẹ́ wà lọ́tọ̀, ti aládàáṣe wà lọ́tọ̀. Láàárín ọjọ́ 30, áàpù 47 ni wọ́n rí gbà. Ọgbọ́n àwọn tí ń darí ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ni wọ́n lò: a kì í mú ẹni tó wọn kílò 50 kojú ẹni tó wọn kílò 90.

Netflix gba ọ̀nà mìíràn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2006, iléeṣẹ́ yìí, tí ń yá àwọn ènìyàn ní fíìmù nígbà náà, ṣèlérí mílíọ̀nù kan dọ́là fún ẹnikẹ́ni tó bá lè fi ìdá 10 nínú 100 tún ètò rẹ̀ tí ń sọ fíìmù tí oníbàárà yóò fẹ́ràn ṣe. Iṣẹ́ náà kì í ṣe áàpù gan-an, ṣùgbọ́n ó bá ọ̀rọ̀ wa mu, nítorí òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ni wọ́n fi wọn olówó àti aláìní. Àwọn onímọ̀ láti iléeṣẹ́ AT&T wà níbẹ̀. Àwọn ẹlẹ́rọ méjì láti Montreal ní Kánádà náà wà níbẹ̀, tí wọ́n ń ṣe tiwọn lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Ó lé ní ọdún méjì tí ẹnikẹ́ni kò dé ojú àmì. Níkẹyìn, ẹgbẹ́ tí àwọn ti AT&T dá sílẹ̀, àwọn méjì ará Montreal àti àwọn méjì láti Ọ́sítríà para pọ̀. Ènìyàn méje ni wọ́n, àwọn ni wọ́n sì gba ẹ̀bùn náà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2009. Ẹgbẹ́ mìíràn gba máàkì kan náà, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 20 lẹ́yìn wọn ni ó fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Iléeṣẹ́ ńlá nílò èrò aládàáṣe, aládàáṣe sì nílò agbára iléeṣẹ́. Ohun kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé: Netflix kò lo gbogbo iṣẹ́ tó gba ẹ̀bùn náà, nítorí pé làálàá àtifi í sẹ́nu iṣẹ́ pọ̀ ju èrè rẹ̀ lọ. Ọ̀tọ̀ ni gbígba ipò kìíní, ọ̀tọ̀ ni wíwúlò.

Ẹ̀kọ́ kẹta wà ní orílẹ̀-èdè wa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, àwọn ọmọbìnrin márùn-ún láti Regina Pacis, ilé-ẹ̀kọ́ girama ti ìjọ Kátólíìkì ní Onitsha, lọ sí California fún ìdíje Technovation, tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọbìnrin. Áàpù wọn, FD-Detector, wà fún fífi fóònù yẹ àmì ìlà-ìlà ara páálí oògùn wò, kí a lè mọ̀ bóyá oògùn náà jẹ́ ojúlówó, àti bóyá ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Wọ́n gba ipò kìíní ní ìsọ̀rí àwọn ọmọdé, wọ́n sì borí ẹgbẹ́ láti Amẹ́ríkà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ìyọnu ayédèrú oògùn kì í ṣe ìtàn àgbọ́sọ fún wọn. Kì í sì í ṣe pé ẹnì kan dá ṣe é: márùn-ún ni wọ́n, olùtọ́nisọ́nà kan sì dúró tì wọ́n.

Gbogbo wa mọ ìtàn Dáfídì nínú Ìwé Sámúẹ́lì Kìíní. Sọ́ọ̀lù gbé ìhámọ́ra rẹ̀ wọ̀ ọ́, Dáfídì sì bọ́ ọ sílẹ̀, nítorí kò mọ̀ ọ́n lò. Kànnàkànnà tó ti mọ́ ọn lọ́wọ́ ni ó mú lọ. Ìhámọ́ra Sọ́ọ̀lù ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń wọ̀ lọ sí ìdíje áàpù. Wọ́n fẹ́ ṣe áàpù tó tóbi tó ti báǹkì, tí ń ṣe ogún iṣẹ́, kò sì sí èyí tó pé nínú rẹ̀. Kí ọmọ wá ìnira kan ṣoṣo tó mọ̀ dájú, kí ó sì yanjú rẹ̀ dáadáa.

Ẹ̀yin òbí, ọwọ́ yín ni òfin ìdíje wà, nítorí ẹ̀yin ni ẹ óò fọwọ́ síwèé fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Ẹ bi ìwé náà ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ni ó lè wọ ìdíje yìí? Kí ni wọn yóò fi wọn iṣẹ́? Lẹ́yìn ìdíje, ta ni ó ni iṣẹ́ náà? Èyí tó kẹ́yìn ni ó wúwo jù. Ọmọ lè gba ife-ẹ̀yẹ lónìí, kí ó sì gbọ́ lọ́la pé èrò òun ti di ti ẹlòmíràn nípasẹ̀ ìwé tí bàbá rẹ̀ fọwọ́ sí láìkà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí ẹ wà ní iléeṣẹ́, ọwọ́ tó tó pẹpẹ ni tiyín. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan lóṣù tí ẹ bá lò pẹ̀lú àwọn ọmọ yìí lè fún wọn ní ohun tí owó ẹ̀bùn kò lè rà: ẹni tí yóò dán iṣẹ́ wọn wò, tí yóò ka òfin pẹ̀lú wọn, tí yóò sì bá wọn tọ́jú áàpù náà nígbà tí àtẹ́wọ́ bá ti dákẹ́, nítorí áàpù tí a kò tọ́jú kì í pẹ́ kú.

Nítorí náà, ìdáhùn wa ni pé kí ọmọ wọ ìdíje. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe jẹ́ kí ó dá wọ̀ ọ́.