Ojú Oníbàárà Ni Kí Ẹ Fi Yan Àwọ̀

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ yan àwọ̀ tí gbogbo ayé yóò fi dá a mọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo àwọn tí yóò máa ka ohun tó bá kọ. Ṣùgbọ́n yàrá ìpàdé ni wọ́n sábà máa ń jókòó sí yan àwọ̀ yìí, níwájú kọ̀ǹpútà ńlá tó mọ́ rekete, àwọn tó sì ń yàn án, ojú wọn ṣì ń dán. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ìyá tó ń ta aṣọ ní Gbági n'Íbàdàn, inú oòrùn ọ̀sán gangan ni yóò ti ṣí áàpù báńkì rẹ̀, lórí fóònù tí gíláàsì rẹ̀ ti sán. Bí ọjọ́ orí rẹ̀ bá sì ti lọ sókè, awò inú ẹyinjú rẹ̀ ti ń pọ́n rúsúrúsú, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ti dín kù, àwọ̀ tó bá sì ti ṣá kò ní hàn sí i dáadáa mọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú àwọ̀ ọsàn, nítorí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló fẹ́ràn rẹ̀. Ó dùn-ún wò, kò burú. Ṣùgbọ́n Àjọ W3C, tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, ti fi ìwọ̀n kan lélẹ̀ láti ọdún 2008 nínú ìlànà WCAG 2.0. Ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ lẹ́tà ni wọ́n ń wọ̀n mọ́ ti ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Dúdú lórí funfun jẹ́ 21 sí 1, kò sì sí èyí tó jù ú lọ. Lẹ́tà wẹ́wẹ́ gbọ́dọ̀ tó 4.5 sí 1, lẹ́tà gàdàgbà lè jẹ́ 3 sí 1. Àwọ̀ ọsàn tó wọ́pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, bí ẹ bá fi kọ̀wé sórí funfun, kò pé 2 sí 1 rárá. Ẹ wá yí i padà: kí ọsàn di ilẹ̀, kí lẹ́tà di dúdú. Ó lé ní 10 sí 1! Àwọ̀ kan náà ni o. Kò sẹ́ni tó ní kí ilé-iṣẹ́ sọ ọsàn rẹ̀ nù. Ibi tí wọ́n gbé e sí lọ̀rọ̀ wà.

MTN ṣe é dáadáa nígbà tí wọ́n tún àmì wọn ṣe ní 2022. Wọ́n fi lẹ́tà dúdú sórí yẹ́lò, èèyàn sì lè kà á láti òdìkejì títì. Ẹ mú yẹ́lò yẹn kan náà kọ̀wé sórí pépà funfun, ẹ óò wá a tì.

Èyí tó ń dùn mí jù ni lẹ́tà aláwọ̀ eérú tó ṣá bí èéfín, tí àwọn kan fi ń kọ iye tí wọ́n máa yọ lórí owó oníbàárà. Ohun tó kan àpò ẹni kò yẹ kó jẹ́ ohun tí a ń wá kiri. Bí ẹ bá fẹ́ lo eérú, ẹ jẹ́ kó ṣókùnkùn dáadáa.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ojú gbogbo èèyàn kò sì rí àwọ̀ bákan náà. Ní Yúróòpù, nǹkan bí ọkùnrin 1 nínú 12 ni kì í lè fi ìyàtọ̀ sáàárín pupa àti àwọ̀ ewé dáadáa. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọkùnrin sì ti ń jogún rẹ̀. Láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, iye wọn kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wà. Mark Zuckerberg tó dá Facebook sílẹ̀ náà ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Ó sọ fún ìwé ìròyìn The New Yorker ní 2010 pé búlúù ni òun ń rí dáadáa jù, búlúù náà sì ni Facebook. Ẹ wá fojú inú wo ọmọ tó ní irú ojú bẹ́ẹ̀, tó ń ṣe POS, tí àmì róbótó kan ń sọ fún un bóyá owó wọlé: àwọ̀ ewé fún èyí tó wọlé, pupa fún èyí tí kò wọlé. Lójú tirẹ̀, ọ̀kan náà ni méjèèjì, oníbàárà sì ń kánjú níwájú rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀: “Ó ti wọlé.” “Kò wọlé.” Kí àwọ̀ wá máa ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Ọ̀nà àyẹ̀wò tó rọrùn wà tí kò ná ni lówó púpọ̀. Ẹ tẹ iṣẹ́ náà jáde lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń lo yíǹkì dúdú nìkan. Àwọ̀ méjì tó bá jọra lórí pépà yẹn, ẹ má fi ọ̀kan kọ̀wé sórí èkejì. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé fóònù jáde sínú oòrùn, kí ẹ fún àgbàlagbà kan kà, kí ẹ sì dákẹ́, ẹ má bá a kà á.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-iṣẹ́, kí ẹ tó fọwọ́ sí àwọ̀ èyíkéyìí, ẹ ní kí ẹni tó ṣe iṣẹ́ ọnà náà kọ iye ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún yín. Èyí tí kò bá tó ìwọ̀n, ẹ dá a padà fún un kó lọ tún un ṣe.