Máìkì Kò Gba Àbọ̀ Ọ̀rọ̀

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Tó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Òótọ́ ni. Ìyàwó ṣáà máa wo ọkọ lójú níbi àsè, ọkọ á ti mọ̀ pé ó tó àkókò àtilọ sílé. Àmọ́ òwe náà fi nǹkan kan pamọ́: ẹni tí a sọ àbọ̀ fún gbọ́dọ̀ ti ní àbọ̀ kejì lọ́wọ́. Bí kò bá ní in ńkọ́?

Ẹ wo àrokò láyé ọjọ́un. Ẹni tó di owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ ń sọ pé ọkàn òun fà sí ẹni náà, torí fà wà nínú mẹ́fà. Bó bá rí mẹ́jọ gbà padà, inú rẹ̀ á dùn: ọ̀rọ̀ wọ́n jọ. Àlejò tí kò gbọ́ Yorùbá, owó ni yóò kà á sí, yóò sì máa wá ohun tí yóò fi rà.

Àìní àbọ̀ kejì yìí ti pa èèyàn rí. Ní ọjọ́ 25, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1990, bàálù Avianca kan ń bọ̀ láti Kòlóńbíà sí New York. Ojú ọjọ́ burú. Wọ́n ní kó máa yípo lójú sánmà, ó sì yípo fún ohun tó lé ní wákàtí kan, epo ń lọ. Nígbà tó gbìyànjú àtibalẹ̀, kò ṣeé ṣe. Ọ̀gá awakọ̀ bá sọ fún igbákejì rẹ̀ lédè Sípéènì pé kó sọ fún àwọn tó ń darí bàálù láti ilẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti di pàjáwìrì. Ohun tí igbákejì wá sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì ni pé àwọn á tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, epo àwọn sì ń tán lọ. Ọ̀gá bi í bóyá ó ti sọ ọ́. Ó ní òun ti sọ ọ́.

Kò parọ́. Létí tirẹ̀, ta ló máa gbọ́ pé epo ń tán nínú bàálù tí kò ní ta gìrì? Ṣùgbọ́n létí ẹni tó wà nílẹ̀, bàálù wo ni epo rẹ̀ kì í fà sẹ́yìn tó bá ti sún mọ́ ibi tó ń lọ? Pàjáwìrì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ì bá la ọ̀nà fún wọn, kò jáde. Àwọn tó wà nílẹ̀ tilẹ̀ bi igbákejì náà bóyá kò ní ni òun àti epo rẹ̀ lára kí àwọn mú un lọ sí nǹkan bíi máìlì 15 kó tó ṣẹ́rí padà. Ó ní ó jọ bẹ́ẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn gan-an.

Ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kú. Nínú èèyàn 158 tó wà nínú bàálù náà, 73 ló kú.

Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Igbákejì awakọ̀ yìí kò dákẹ́ o. Ó sọ̀rọ̀ tìwàtìwà, ọ̀ràn rẹ̀ ló dákẹ́. Àwọn olùwádìí dá àwọn awakọ̀ náà lẹ́bi lórí ètò epo, wọ́n sì ka àìpe pàjáwìrì mọ́ ọn.

Nílé níbí, akọ̀wé ẹgbẹ́ á dìde lọ́jọ́ Sátidé, á ní ìpàdé di ọjọ́ mẹ́jọ òní. Àgbà mọ̀ pé Sátidé tó ń bọ̀ ni, torí Yorùbá a máa ka òní mọ́ ọn. Ọ̀dọ́ tó bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ọ̀la á dé lọ́jọ́ Sunday, á bá ilẹ̀kùn ní títì. Kí akọ̀wé pe ọjọ́ náà lórúkọ, kó pe déètì, kó sì tún un pè, torí etí kò lè ṣí ojú ìwé padà sẹ́yìn. Èyí kò ní kó máa rojọ́ gígùn; ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.

Ibi tí ọ̀ràn yìí ti máa ń pani lẹ́rìn-ín jù ni òde ìgbéyàwó. Ẹni tó di máìkì mú á kígbe pé, “Ẹ̀yin tí ẹ gbé mọ́tò dí ọ̀nà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ gbé e kúrò!” Gbogbo èèyàn á gbọ́, ẹnikẹ́ni kò ní dìde, olúkúlùkù gbà pé tòun kọ́. Á pariwo lẹ́ẹ̀mẹ́ta títí ohùn rẹ̀ á fi há. Ìgbà tí ẹnìkan bá tẹ ìwé pélébé lé e lọ́wọ́ ló máa tó dárúkọ mọ́tò náà: Corolla aláwọ̀ eérú, tí gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ ti sán. Bàbá kan nídìí tábìlì kẹta á rọra gbé síbí ìrẹsì sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò agbádá.