Owó Èṣí Tó Ń Di Gbèsè Ọdún Yìí

Bí a bá ń kọ ìwé ẹ̀yáwó, ọ̀pọ̀ nínú yín ni í sọ fún wa pé, "Ọmọ mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni yóò bá mi san án." Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé ọ̀ràn kan tí àwọn ọmọ wa lọ́hùn-ún kì í sáábà sọ délé.

Ní April 2003 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ owó ìrànwọ́ tí wọ́n pè ní tax credit, fún òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan àti ẹni tó ń tọ́mọ. Ilé-iṣẹ́ owó-orí wọn ló ń san án. Owó tó wọlé fún èèyàn léṣìí ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Bí ọdún bá parí, wọn a wá ṣírò èyí tó wọlé gan-an. Ó dà bí ìgbà tí ẹgbẹ́ gba ẹnì kan láyè kó san díẹ̀ torí kòkó rẹ̀ kò dáa léṣìí, tí a wá wọn kòkó ọdún yìí tán, ká ní kó mú ìyókù wá.

Ẹ jẹ́ ká ní obìnrin kan ń dá tọ́ ọmọ kan, kò lè ṣiṣẹ́ torí ó ń tọ́jú aláìsàn. Ìjọba san £3,200 fún un lọ́dún yẹn nítorí ìtọ́jú náà. Ní April 2017 ó ríṣẹ́ oníwákàtí 30 lọ́sẹ̀, £14,000 lọ́dún. £3,200 èṣí yẹn ni wọ́n fi ṣírò. Kò tó £6,420 tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gé nǹkan, nítorí náà wọ́n san owó ìrànwọ́ pé. Inú rẹ̀ dùn, ó ń fowó ránṣẹ́ sílé. Nígbà tí ọdún parí, wọ́n yọ £2,500 tí òfin fi jì í kúrò nínú £14,000, ó ku £11,500. Ẹ yọ £6,420, ó ku £5,080. Pẹ́ńsì 41 ni wọ́n ń gé lórí £1 kọ̀ọ̀kan, ó di £2,082.80. Gbèsè nìyẹn, bẹ́ẹ̀ kò sì jalè. Ká ló ti tẹ̀ wọ́n láago nígbà tó gbaṣẹ́, wọn ìbá ti tètè dín in kù.

Kì í ṣe gbogbo owó ìjọba ni wọ́n ń kà o. Wọn kì í ka owó ọmọ, wọn kì í ka owó ìrànwọ́ ilé. Ti olùtọ́jú aláìsàn ni wọ́n ń kà.

Ètò tó ṣáájú, ti 1999, ọ̀sẹ̀ 26 ni wọ́n fi ń san iye kan náà, ìbáà jẹ́ owó èèyàn yí padà. Lójú tiwa, ìyẹn rọrùn fún tálákà jù. Gbèsè pọ̀ lábẹ́ ti 2003 débi pé ní 2006 wọ́n sọ owó tí wọ́n ń fojú fò di £25,000. Nígbà tó fi máa di 2016, wọ́n ti dá a padà sí £2,500.

Ní 5 April 2025 ni tax credit kásẹ̀ nílẹ̀. Universal Credit ló rọ́pò rẹ̀, owó oṣù kọ̀ọ̀kan ni ìyẹn ń wò. Ṣùgbọ́n gbèsè àtijọ́ kò kú: wọ́n lè máa yọ ọ́ nínú Universal Credit lóṣooṣù. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá àti bàbá, kí ẹ tó kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ bí ẹni tí yóò bá yín san ẹ̀yáwó, ẹ bi í pé ṣé wọ́n ń yọ irú owó bẹ́ẹ̀, èló ni, ìgbà wo ni yóò sì tán. Ẹ mú èsì rẹ̀ wá fún akọ̀wé kí a tó jókòó lórí ìwé yín.