Ṣé ìrẹsì àdàlù máa ń yàgàn?

Nínú kíláàsì wa, ìyá àgbẹ̀ kan béèrè pé: «Wọ́n ní àdàlù ni ìrẹsì NERICA. Ìbaaka, ọmọ ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, kì í bímọ. Tí mo bá tọ́jú irúgbìn NERICA, ṣé yóò so ní ọdún tó ń bọ̀?» Ìbéèrè gidi ni.

Oríṣi ìrẹsì méjì ni à ń gbìn. Ti Áfíríkà ti wà lọ́dọ̀ wa ó lé ní 2.000 ọdún. Ewé rẹ̀ máa ń bo èpò mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n hóró rẹ̀ a máa gbọ̀n dànù kí a tó kórè. Ti Éṣíà ń so púpọ̀, àmọ́ èpò tètè ń borí rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Monty Jones, ọmọ Sierra Leone, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àjọ ADRAO so méjèèjì pọ̀ ní M'bé, lẹ́bàá Bouaké ní Côte d'Ivoire.

Ọmọ náà hù, ó dàgbà, ó yọ ṣírí. Ṣùgbọ́n èèpo òfìfo ló kún inú ṣírí náà.

Kí ló fà á? Kì í ṣe bíi ti ìbaaka. Okùn àjogúnbá ẹṣin jẹ́ 64, ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ jẹ́ 62. Wọn kò bára mu. Ìrẹsì méjèèjì ní 24. Inú ilé ni ìjà wà.

Ohun ọ̀gbìn ń gba ohun àjogúnbá kọ̀ọ̀kan ní méjì: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Nígbà tó bá ń ṣe eruku akọ inú òdòdó, hóró eruku kọ̀ọ̀kan ń mú ẹyọ kan péré nínú méjèèjì. Ọ̀kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní S1. S1 ti Áfíríkà dà bí ọmọ tó da májèlé sínú ọbẹ̀ ilé, tí òun nìkan sì ní ẹ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Gbogbo wọn jọ jẹ ọbẹ̀ náà. Eruku tó mú S1 Áfíríkà yè, èyí tó mú ti Éṣíà kú. Ìdajì ti lọ. Àwọn apani mìíràn bíi S1 sì wà nínú àdàlù náà, àwọn ló ń pa ìyókù.

Apá abo ọmọ náà kò kú tán. Wọ́n fi eruku akọ ìrẹsì Éṣíà sí i lára, wọ́n sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Bí ti Éṣíà ti ń pọ̀ sí i, ìjà ń rọlẹ̀, hóró bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Àwọn tó so dáadáa ni wọ́n ṣà, tí wọ́n ń gbìn títí gbogbo wọn fi rí bákan náà. Òun ni NERICA.

Nítorí náà, ìyá, ẹ tọ́jú irúgbìn yín. Ẹ ṣa ṣírí tó gbó láti àárín oko, ẹ lù ú lọ́tọ̀ kí ìrẹsì mìíràn má bàa dà pọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì sá a títí yóò fi gbẹ dáadáa.