Sí Àbúrò Mi Tí Ó Fẹ́ Di Akọ̀wé Ẹbí

Ọ̀tà,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú ìfẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ iléeṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí o ti ń jí ní ìdájí, tí o ń sáré bá ọkọ̀ òṣìṣẹ́ lábẹ́ bíríìjì Sàǹgó, tí o ń ṣe iṣẹ́ òru nínú ariwo ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ẹnìkan gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ. Ọlọ́run tó jẹ́ kí o fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn jáde kúrò nínú ọgbà iléeṣẹ́ yẹn, tí ìka ọwọ́ rẹ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì pé, òun ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ọmọ ti sọ fún mi pé o ti dá ẹgbẹ́ ẹbí sílẹ̀ lórí WhatsApp, pé àwọn ará ilé wa ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Amẹ́ríkà àti ní Àjàṣẹ́ lódì kejì ààlà ti ń kí ara wọn níbẹ̀, àti pé o fẹ́ kọ ìtàn ìdílé wa láti orí baba ńlá wa títí dé orí ọmọ tí a sọ lórúkọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. O ní kí n gbà ọ́ nímọ̀ràn. Ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀: iṣẹ́ tí o dáwọ́ lé yìí, iṣẹ́ etí ni kó tó di iṣẹ́ ẹnu. Ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yékéyéké, tó mọ ẹni tó sọ ọ́, tó sì mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, òun ni akọ̀wé ẹbí. Ẹni tó kàn ń gbọ́ tó ń fi ránṣẹ́, alágbọ̀ọ́sọ ni.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó dàgbà jù ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Má ṣe fi fóònù pè wọ́n; ojú lọ̀rọ̀ wà. Lọ bá wọn lọ́sàn-án, nígbà tí wọ́n bá ti jẹun tán, tí àwọn ọmọ kò sì tíì ti ilé ìwé dé. Má sì sọ pé, “Ẹ sọ ìtàn ìdílé wa fún mi.” Bí o bá bèèrè bẹ́ẹ̀, ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀ ni wọn yóò sọ: bí Ọlọ́fin Ògúnfúnminírè ṣe kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, bí àwo ṣe rì, bí wọ́n ṣe wà ní Ìṣẹ́rí kí àwọn kan tó wá tẹ Ọ̀tà dó. Ìtàn gbogbo Àwórì nìyẹn. Ti ilé tiwa lo ń wá. Béèrè ohun kékeré: ta ló ni yàrá ẹ̀gbẹ́ kànga? Èwo nínú àwọn ìyàwó Bàbá ló kọ́kọ́ wọlé? Ta ló ń gbé ọjà lọ sí Òwódé nígbà tí ìlera Ìyá Àgbà kò gbé e mọ́? Ibi tí wọ́n bá ti ń dáhùn ìyẹn ni ìtàn yóò ti jáde fúnra rẹ̀.

Má ṣe fojú fo àwọn obìnrin. Ẹ̀yin ọkùnrin mọ ẹni tó ni ilẹ̀. Àwa obìnrin la mọ ẹni tó bí ẹni. Oríkì tí àwọn ìyàwó ilé fi ń jí ọmọ ọkọ wọn ní òwúrọ̀, orúkọ ìlú àti orúkọ èèyàn tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí ìwé ilẹ̀ gbé lọ.

Nígbà kan tí mo lọ kí àbúrò ìyá mi ní Àjàṣẹ́, mo bi í pé ọmọ mélòó ni ìyá wọn bí. Ó ní mẹ́rin. Àgbàdo ló ń ṣà lọ́wọ́. Ó mú hóró mẹ́rin nínú atẹ, ó tò wọ́n sórí ẹní. Ó wò wọ́n títí, ó tún mú mẹ́ta sí i, ó tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kò sì wí nǹkan kan. Èmi ni mo bi í pé kí ló ṣe àwọn mẹ́ta ọ̀hún. Ó ní eegun ló máa ń ro wọ́n, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn a wú, ojú wọn a pọ́n. Àbíkú ni wọ́n sọ pé wọ́n jẹ́. Àwa tí a ti gbọ́ ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì nípa àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde mọ ohun tó ṣeé ṣe kó jẹ́. Bí ẹni tó jẹ́ AS bá fẹ́ ẹni tó jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ewu pé ọmọ náà yóò jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tó ní àìsàn náà. Nítorí náà, kọ àwọn tó kú ní kékeré pẹ̀lú àwọn tó yè, kí o sì kọ ohun tó ṣe wọ́n. Kọ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru dá dùbúlẹ̀, kọ ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà bá fínra. Èyí wúlò fún àwọn ọmọ wa ju pé baba ńlá wọn gẹṣin lọ.

Ní ti ọdún, àwọn òbí wa kò ní ìwé ọjọ́ ìbí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bí wọn. Ẹni tó bá sọ pé ẹ̀yìn ni wọ́n ṣì ń pọn ìyá òun sí nígbà tí àrùn lúkúlúkú ń pa èèyàn, 1918 ló ń sọ, ọdún kan náà tí ogun Adúbí jà nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Ẹni tó bá wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ ilé ìwé ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀, January 1955 ló wọlé. Ṣùgbọ́n má yára yọ ọdún mẹ́fà kúrò níbẹ̀. Ṣé o rántí pé wọ́n máa ń ní kí ọmọ gbé ọwọ́ kọjá lórí kó fi kan etí kejì kí wọ́n tó gbà á sílé ìwé? Ọmọ tí ara rẹ̀ kéré lè ti pé ọdún mẹ́jọ kí ọwọ́ rẹ̀ tó kàn án. 2 April 1972 ni mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún. 1 January 1973 ni náírà rọ́pò pọ́n-ùn. 3 February 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Máa fi àwọn ọjọ́ wọ̀nyí bi wọ́n léèrè: ṣé wọ́n ti bí lágbájá nígbà yẹn? Ṣé ó ti ń rìn? Ní ti ọjọ́ orí inú ìwé iléeṣẹ́, ìwọ náà mọ bí àwọn kan ṣe ń lọ búra ní kóòtù láti dín in kù kí wọ́n lè pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Kọ ọjọ́ orí ilé lọ́tọ̀, kọ ti iṣẹ́ lọ́tọ̀.

Wo ìwé tó bá wà pẹ̀lú. Láti 1854 ni James White, ẹni ìjọ CMS, ti ń ṣiṣẹ́ ìyìnrere ní Ọ̀tà níbí. Ìdílé tó bá ní onígbàgbọ́ nínú, kí ó wá ìwé ìrìbọmi lọ. Àwa tí Mùsùlùmí pọ̀ nínú wa, kí á bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó dúró síbi yìgì, nítorí kì í ṣe gbogbo yìgì ló ní ìwé.

Orúkọ tún lè ṣì ọ́ lọ́nà. Nínú ilé wa yìí, ọmọ bàbá kan náà ń jẹ́ orúkọ ìdílé mẹ́ta: ẹ̀gbọ́n fi orúkọ bàbá wọ ilé ìwé, èkejì fi orúkọ bàbá àgbà, ẹ̀kẹta fi orúkọ tí Lèmọ́mù sọ ọ́. Ní ìhà Àjàṣẹ́, ìkọ̀wé Faransé ni wọ́n ń lò. Ọlátúnjí wa ni wọ́n ń kọ ní Olatoundji. Ọmọ tó bá ń fi ìkọ̀wé tiwa wá ìbátan lórí Facebook yóò rò pé a ò ní ẹnìkan lọ́hùn-ún. Ààlà ló fà á: ní August 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé bu ọwọ́ lu ìwé rẹ̀. Wọn kò bi wa bóyá ìyá wa wà lápá ọ̀hún.

Bí o bá kọ orúkọ ọmọ, kọ ti ìyá rẹ̀ sí i. Má sọ pé “ọmọ Bàbá” ti tó. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Suberu Dawodu kú ní Èkó, ó fi ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyàwó mẹ́rin. Ẹjọ́ ogún rẹ̀ dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ Nàìjíríà ní 1958, ó dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìdí-igi ni òfin ìbílẹ̀ Yorùbá: ojú ìyàwó ni wọn yóò fi pín in, ìyàwó tó bí ẹyọ kan àti èyí tó bí márùn-ún yóò gba ọgbọọgba. Orí-ò-jorí, èyí tí a ń fi iye ọmọ pín, olórí ẹbí lè lò ó bí ìjà bá wà lórí bí a ó ṣe pín in. Ìwọ rò ó wò ní Ọ̀tà wa yìí, níbi tí ọgbà iléeṣẹ́ ti dúró sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbin gbágùúdá. Ìwé rẹ lè bọ́ sọ́wọ́ lọ́yà lọ́jọ́ kan. Ẹni tí o kò kọ orúkọ ìyá rẹ̀, o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e jáde nílé nìyẹn. Bí àgbà méjì bá sì sọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kọ méjèèjì, kí o kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i. Má ṣe adájọ́.

Ohun kan wà tí wàá gbọ́ tí o kò gbọdọ̀ fi ránṣẹ́. Ẹ̀gbá ṣẹ́gun Ọ̀tà ní nǹkan bí 1842. Ayé ogun àti ayé ìwọ̀fà ni àwọn baba ńlá wa gbà kọjá, èèyàn lọ, èèyàn bọ̀. Inú ilé ńlá wo ni kò sí ẹni tí baba ńlá rẹ̀ wá fi ara sin gbèsè, tó sì di ọmọ ilé? Àwọn tó gbà á wọlé ti pa ẹnu dé lórí ọ̀rọ̀ náà kí ọmọ rẹ̀ lè yan bí ọmọ. Ìwọ kọ́ ni wàá tú u fún ọmọ ọdún méjìdínlógún tó wà ní Amẹ́ríkà. Bí oyún kan bá sì wọlé pẹ̀lú ìyàwó, ọmọ ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ ni. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Èyí mú mi dé orí ìròyìn ojoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ ikú ni mo fẹ́ kí o ṣọ́ jù. A kì í fi WhatsApp túfọ̀ ọmọ fún ìyá rẹ̀. Olórí ẹbí ni kó kọ́kọ́ gbọ́; òun ni yóò yan àgbà méjì tí yóò lọ sọ́dọ̀ ìyá, tàbí sọ́dọ̀ opó, tí wọn yóò jókòó, tí wọn yóò béèrè omi, tí wọn yóò sì rí i pé ẹnìkan wà nítòsí tó lè dì í mú. Lẹ́yìn náà ni kí o pe àwọn ọmọ òkú tó wà lájò, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gbọ́ ọ lóhùn. Ẹ̀yìn gbogbo ìyẹn ni ẹgbẹ́ WhatsApp. Bí ẹnìkan bá sáré kọ “sùn un re” síbẹ̀ ṣáájú, pa á rẹ́, kí o sì pè é sí kọ̀rọ̀ bá a wí.

Fọ́tò ẹni tó wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Bí a bá ń wá owó ìwòsàn, orúkọ rẹ̀ ti tó. Ẹni tó gba físà ni yóò sọ fúnra rẹ̀ pé òun gbà á. Ẹni tó ń bọ̀ wálé láti òkè òkun, ẹ má ṣe kọ ọjọ́ àti wákàtí tó máa balẹ̀ síbẹ̀. Ayé tí a wà yìí, ajínigbé náà ní fóònù. Kó dé ilé ná, kí ẹ tó máa jó.

Ìmọ̀ràn tó kù ni pé kí o rin ìrìn àjò nígbà tí orúnkún rẹ ṣì gbà ọ́ láyè. Iléeṣẹ́ kò jẹ́ kí o ráyè tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí o ráyè. Wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè ní August 2019: April 2022 ni wọ́n tó kéde pé Ìdí-Ìrókò ti ṣí. Láàárín ìgbà yẹn, kì í ṣe gbogbo àgbàlagbà ló lè gba ọ̀nà pánpẹ́ lọ síbi ìsìnkú ìyekan rẹ̀. Ẹni tí o bá fẹ́ rí, lọ rí i nígbà tí ọ̀nà ṣí.

Láàárín ọ̀sẹ̀ ni kí o lọ sí Àjàṣẹ́. Má lọ ní ọjọ́ Àìkú, nítorí èrò ìjọsìn ní Canaanland yóò dá ọ dúró ní Ìyànà Ìyẹ́sí. Ti àpéjọ Shiloh wọn ní December kò ṣeé fẹnu sọ. Tètè kúrò ní Ojú-Ọ̀rẹ́, kí oòrùn tó mú, o ti kọjá Àtàn àti Òwódé. Mú ìwé ìrìnnà ECOWAS àti yẹ́lò káàdì dání. Àdéhùn 1979 fún wa ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ìwé lọ́wọ́ ni àwọn aṣọ́bodè ń bá dúnàádúrà. Ṣẹ́ owó díẹ̀ sí sẹ́fà, kí o má sì gbàgbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ. Bí o bá dé Àjàṣẹ́, má yọ ìwé jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Jẹun, sùn, kí wọ́n kọ́kọ́ bi ọ́ léèrè tiwa. Ẹni tó fún wọn ní ìròyìn ilé ni wọn yóò fún ní ìròyìn ilé tiwọn.

Bí o bá kọ ìwé náà tán, má tíì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Wá kà á sókè fún àwa àgbà tó kù, kí á lè sọ pé “Rárá, Ìyá Oníyọ̀ ló ṣáájú Ìyá Aláṣọ.” Tún un kọ. Lẹ́yìn náà kí o ṣe ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan fún olórí ẹbí, ọ̀kan fún Àjàṣẹ́, ọ̀kan fún èyí tó kéré jù tó lè kàwé nínú àwọn ọmọ ilé. Fóònù ń bàjẹ́, wọ́n sì ń jí i.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ wá, jẹ́ kó jẹ́ lẹ́yìn ìrun Ìrọ̀lẹ́; mo ní ọ̀rọ̀ ìdí-igi ti bàbá wa láti sọ fún ọ, n kò sì ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ọmọbìnrin àkọ́bí ilé.